Jíìpù Gíga Tí Mo Rà Nítorí Ìyá Mi

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkùnrin tó ra ẹṣin gíga fún mi, lórí pẹpẹlẹ iwájú ilé wa, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé. Ọkùnrin náà lówó lọ́wọ́. Ó lọ sí ọjà àwọn Gàmbàrí, ó rí ẹṣin kan tó ga débi pé ẹyẹ lè fi gàárì rẹ̀ ṣe ìtẹ́. Ó ní òun kò wo òmíràn mọ́. Ó ya ẹnu ẹṣin, ó wo eyín rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo pátákò. Ó wo ìrù, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ó sanwó, ó gba ìjánu, ó fẹ́ gùn ún relé, ìgbà náà ló tó rí i pé ẹsẹ̀ òun kò tó ibi tí gàárì wà. Ó wá òkúta, kò rí. Ó wá kùkùté igi, kò rí. Báyìí ló ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí dé ìlú, tó ń fa ẹṣin lẹ́yìn, tí àwọn tó ń pàdé lọ́nà ń kí i pé, “Ẹ kú ìrìn o, ṣé ara ẹṣin yín kò yá ni?” Bàbá mi kì í sọ ìtàn náà kọjá ibẹ̀. Wọ́n á sinmi, wọ́n á wo ojú wa níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, “Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ra ẹṣin?” Ẹnìkan á ní eyín, ẹnìkan á ní pátákò, èmi á ní gíga rẹ̀ ni. Wọ́n á máa mi orí. Wọ́n kú láì sọ ìdáhùn fún wa, èmi náà kò sì rò ó mọ́, nítorí mo mọ̀ pé n kò ní ra ẹṣin láyé mi.

Mo rántí ìgbà tí ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Mo ti pẹ́ ní Ìkòsí ní Èkó nígbà náà, mo sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ọ̀dà ní Ketu, ọ̀dà ògiri, ọ̀dà irin, oríṣiríṣi. Ìyá mi wà ní abúlé wa ní apá Ọ̀yọ́, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, tí iwájú rẹ̀ sì ga, tí wọ́n wá mọ pẹpẹlẹ gíga sí i kí àgbàrá má baà gbé ìpìlẹ̀ lọ. Àwọn ará abúlé máa ń fi pẹpẹlẹ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé orí àjà ni bàbá mi ti fẹ́ máa gba àlejò ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi tó ń tọ́jú wọn. Mo lọ kí wọn nígbà kan, mo dúró níwájú ìyá mi, n kò sọ̀rọ̀, mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń retí kí wọ́n fò mọ́ mi. Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, “Ta nìyẹn tó dúró bí òpó?”

Ìgbà tí mo kí wọn ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín. “Àṣé ọkọ mi ni. Ohùn rẹ ni mo fi ń mọ̀ ọ́ báyìí, ojú ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.”

Wọ́n fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi padà sí Èkó, ó bá mi wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ bá dókítà ojú kan. Ó ní ohun tó bo ẹyinjú náà ṣeé ṣí kúrò, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó pẹ́, nítorí ojú kejì ti ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Ó dá ọjọ́ fún wa, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó ní bí a bá pàdánù rẹ̀, ó máa pẹ́ kí àyè tó tún yọ, òun kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó máa ṣẹ́ kù tá a máa tún ṣe.

Báwo ni wọ́n ṣe máa dé Èkó? Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Láti ojú títì wọ abúlé wa, ọ̀nà oko ni: gbòǹgbò igi, òkúta, kòtò tí ọkọ̀ agégẹdú gbẹ́ sílẹ̀, àti odò kan tí kò ní afárá. Ọ̀kadà ló ń wọ ibẹ̀, ìyá mi sì ti ṣubú lórí ọ̀kadà rí. Láti ọjọ́ náà ni orúnkún àti ìbàdí wọn kò ti gbọ́ tiwọn mọ́, wọ́n sì ti búra pé àwọn kò tún ní jókòó lórí ohun tó bá ní ẹsẹ̀ méjì. Ọkọ̀ tí mò ń wà nígbà náà, abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bí mo bá gun gegele tí wọ́n mọ sí àdúgbò wa láti fi dín eré ọkọ̀ kù, á ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há ní ìka. Bí mo bá gbé e wọ ọ̀nà abúlé, ibẹ̀ ni mo máa sin ín sí. Mo wá pinnu pé mo máa tà á, mo máa fi ra jíìpù tòkunbọ̀, èyí tí mo lè máa fi kó ọ̀dà lọ ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, tó sì lè wọ inú igbó lọ gbé ìyá mi jáde kí odò tó kún.

Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Magodo gbọ́ pé mò ń wá jíìpù, ó ní òun ní ọ̀kan tí òun fẹ́ tà. Mo lọ wò ó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí ní ìbéèrè títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Jíìpù náà dúró lábẹ́ òrùlé tirẹ̀ bí ọba tó ń gba afẹ́fẹ́, dúdú, ó ń dán débi pé mo rí irùngbọ̀n mi lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo jókòó sínú rẹ̀, àga rẹ̀ gbà mí mọ́ra. Mo ti ń rí ara mi tí mo ń wọ Ketu, tí gbogbo ọjà ń yíjú. Ká ní èmi nìkan ni mo lọ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti sanwó. Ṣùgbọ́n mo mú mẹkáníìkì mi dání, ọmọ Ìṣẹ́yìn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Owódé Onírin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí ìjà. Ó na àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn wọ abẹ́ jíìpù, ohùn rẹ̀ ń jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

“Ọ̀gá, ṣé ọjà lẹ fẹ́ máa gbé èyí lọ àbí oko?”

“Méjèèjì,” ni mo wí.

“Ó máa dé ọjà. Ní ti oko, táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rì sínú ẹrẹ̀, ti ẹ̀yìn á kàn máa wò yín níran ni.”

Inú oníbàárà mi kò dùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, jíìpù ni jíìpù ń jẹ́.”

Mẹkáníìkì yọ orí jáde, epo ti kun imú rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàtà náà ni bàtà ń jẹ́. Ẹ wọ ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ kọ ebè.”

A dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, a jáde. Mo wo jíìpù dúdú náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó kọjá ẹnu ọ̀nà, bí ọmọdé ṣe ń wo àkàrà tí wọ́n kò rà fún un. Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn àgbàlá tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, ìyàwó mi sì ní òun máa bá wa lọ. Ní ọ̀kan nínú wọn, a rí jíìpù kan tó wù mí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀, mẹkáníìkì pàápàá ti ń mi orí pé ó dáa. Ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fa imú lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní, “Ó ń rùn bíi pálọ̀ wa lọ́dún tí omi wọlé.” Ẹni tó ń tà á ní òórùn ojú òkun ni. Ìyàwó mi ní kò burú, kó ká kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ká a, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀dá. Àwa tá à ń gbé ní Ìkòsí, tí odò máa ń wá kí nílé láì pè é, kò sẹ́ni tó lè fi òórùn àgbàrá tàn wá jẹ.

Èyí tá a wá rà kò rẹwà. Ó ti dàgbà, ọ̀dà ara rẹ̀ sì dà bí ẹ̀kọ tó ti kan. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ gbẹ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò húkọ́, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Mo ní mo máa kùn ún tó bá yá. Ẹni tó ń ta ọ̀dà kò lè ṣàìrí ọ̀dà kùn.

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. A gbé jíìpù náà lọ Owódé Onírin, èmi àti mẹkáníìkì mi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. A yọ ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, a fi tuntun sí i. A pààrọ̀ sípíríǹgì sí èyí tó gùn jù ú lọ. Wẹ́dà kan jó pákó irin mọ́ abẹ́ rẹ̀ kí òkúta má baà lu ẹ́ńjìnnì, ó fi ìkọ́ ńlá síwájú rẹ̀ tí a lè so okùn mọ́ bó bá rì. Táyà tá a rà, eyín ara rẹ̀ tó hóró àgbàdo ńlá. Ibi tí mo ti sọnù nìyẹn. Bí mẹkáníìkì bá ní, “Ọ̀gá, ó ti ga tó,” èmi á ní kó tún fi nǹkan díẹ̀ sí i. Mo ń rántí odò, mo ń rántí kòtò, mo ń rántí òkúta kan tó wà ní ìyànà abúlé wa tó ti ba ọkọ̀ jẹ́ rí, ó sì dà bíi pé gbogbo wọn ló dúró sẹ́yìn mi tí wọ́n ń sọ pé kò tíì tó. Nígbà tá a parí, mo lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí n rí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Mo gbé e gba Mile 12 kọjá, níbi tí ọkọ̀ tòmátì ti ń da omi sílẹ̀ tí ọ̀nà fi di ẹrẹ̀ dúdú, ó kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Àwọn alábàárù ń pè mí ní “Jagunjagun,” mo sì ń gbé ọwọ́ sí wọn bí ẹni tó ti ogun dé lóòótọ́.

Nígbà tí ìyàwó mi kọ́kọ́ fẹ́ wọ̀ ọ́, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó di ilẹ̀kùn mú, ó fo lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé, ó fo lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó jókòó tán, ó mí kanlẹ̀. “Daddy, ẹ bá mi ra igbà ọ̀pẹ, kí n lè máa fi gùn ún.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìtàn bàbá mi kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ránṣẹ́ sí ènìyàn tí yóò rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Mo dé abúlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé ìyá mi jáde. Jíìpù ṣe ohun gbogbo tí mo rà á fún. Òkúta ìyànà kọjá lábẹ́ rẹ̀ kò kàn án, odò kò dé ìdajì táyà. Ìyá mi gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé, wọ́n ní, “Èyí ń mí bí akọ màlúù.” Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sánmà ti ṣú ní apá òkè odò, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ká tètè máa lọ, nítorí bí òjò bá rọ̀ lọ́hùn-ún, odò máa kún kó tó kan wá lára. Mo gbé jíìpù sí gbàgede, níbi tí gbogbo ará abúlé ti lè rí i dáadáa. Ìyá mi ti wé gèlè, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ìṣe wọn, nítorí àtẹ̀gùn iwájú ti wó tipẹ́, wọ́n fi ọ̀pá wá ọ̀nà yí ilé ká wá bá wa. Mo ṣí ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ààfin.

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ náà kò dé ibì kankan. Wọ́n tún gbé e, wọ́n kérora, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.  A gbé àpótí wá. Wọ́n gun orí rẹ̀, àpótí mì, wọ́n di ọrùn mi mú, wọ́n ní ká sọ àwọn kalẹ̀ ká má tún ìbàdí tó ti fọ́ fọ́. Ọkùnrin kan sáré lọ gbé odó wá, ó dojú rẹ̀ dé, ẹ̀gbọ́n mi sì jágbe mọ́ ọn: “Orí odó lẹ fẹ́ kí ìyá mi dúró lé? Ẹ tètè gbé e padà kí n tó bínú.” Ọkùnrin náà gbé odó rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́. Ààrá kùn lókèèrè.

Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbé yín.” Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti na ọwọ́.

Wọ́n fi orí ọ̀pá kàn mí láyà. “Gbé ta ni?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni.”

“Wọn kì í gbé mi jáde nílé yìí.” Wọn kò pariwo. “Orí pẹpẹlẹ yẹn ni wọ́n ti fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ tí mo ṣe ìyàwó wọlé. Ẹsẹ̀ tí wọ́n wẹ̀ ni mo fi wọlé, òun náà ni mo máa fi jáde. Ẹ gbé bàbá yín jáde níbí wọnú mọ́tò lọ́jọ́sí. Kí lẹ gbé padà wá?”

 Mo mọ ìdáhùn, nítorí apá ọ̀tún bàbá mi ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ wọ́n síbẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà, mo sọ ọ̀rọ̀ ojú kejì, mo ní odò ń kún. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa lọ la ojú rẹ̀ kò yẹ kó lọ bí òkú. Ọkùnrin olódó ti padà dé, ó ní ṣé ká gbẹ́ ilẹ̀ kí táyà lè rì wọlé, kí jíìpù fi lè rẹlẹ̀. Mo wo ọkùnrin náà. Mo wo jíìpù tí mo ti fi gbogbo ẹ̀rọ Owódé Onírin gbé sókè. Ibẹ̀ ni ìtàn bàbá mi ti padà sí mi lọ́kàn, mo rí ọkùnrin tó ń fa ẹṣin rẹ̀ lọ́nà, mo sì rí i pé aṣọ mi ló wọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ mú ọkọ́ wá.

Ọkọ́ kò tíì dé nígbà tí ìyá mi ní kí wọ́n fa àwọn lọ́wọ́ súnmọ́ jíìpù. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí ilẹ̀ jíìpù bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n fọwọ́ lé e, wọ́n wá fi ara tì í, bí ẹni tó ń wọn aṣọ.  Wọ́n ní, “Ibí yìí gan-an ni pẹpẹlẹ bàbá yín dé mi lára. Orí rẹ̀ ni mo máa ń gbé ẹ lé kí n tó pọ̀n ọ́, ara mi kò lè gbàgbé ibi tó dé.” Wọ́n yí ojú funfun náà sí mi. “Ọkọ mi, kí ló dé tó o fi gbé ọkọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Gbé e lọ bá ilé.”

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi ti gun orí táyà tó ní eyín àgbàdo, n kò sì rí i. Ẹ̀gbọ́n mi mú ìyá wa padà yí ilé ká, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, wọ́n gba àárín ilé kọjá. Èmi ń fi jíìpù rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí gbogbo abúlé ń pàṣẹ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, “Ó kù díẹ̀, máa bọ̀, dúró, máa bọ̀,” títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko pẹpẹlẹ lẹ́nu. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ó gba orí pẹpẹlẹ kọjá láì ha á. Ìyá mi yọ lẹ́nu ọ̀nà iwájú tí wọn kò ti gbà jáde fún ọdún púpọ̀. Wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀ jíìpù, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n jókòó.

“Ó tán?” ni wọ́n bi wá.

“Ó tán, Màámi.”

“Gbogbo ariwo yín nìyẹn?”

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta wá lára bá a ṣe ń kúrò lábúlé. Nígbà tá a dé etí odò, omi ti pọ́n, ó ti ju ti àná lọ dáadáa, ọlọ́kadà kan sì dúró létí rẹ̀, ó ti pa ẹ́ńjìnnì, ó káwọ́ lẹ́yìn bí ẹni tó wá kí òkú. Ó mi orí sí mi pé kí n má dán an wò. Mo wo omi, mo wo ìyá mi nínú dígí. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí ọ̀pá. Mo fi jíà sí èyí tó wúwo jù, mo wọlé díẹ̀díẹ̀ bí mẹkáníìkì ṣe kọ́ mi, n kò dúró, n kò sáré. Omi dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó tì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà ẹ̀yìn yọ̀ lórí òkúta, ti iwájú mú ilẹ̀, ó fà wá gun òkè lọ sí òdìkejì. 

“Ṣé odò nìyẹn?” ni ìyá mi wí.

“Òun ni. A ti kọjá rẹ̀.”

“Ìdí mi kò tutù rárá. Nígbà tí èmi àti bàbá yín máa ń kọjá níbẹ̀, àyà ni omi máa ń dé mi.” Nígbà tó ṣe díẹ̀ wọ́n tún ní, “Ó dáa tó ga.”

Mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìrìn náà. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń súnmọ́ Èkó ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Pẹpẹlẹ wà lábúlé. Kí ni wọ́n máa fi sọ̀ ní Ìkòsí? Mo ń ro àpótí, mo ń ro búlọ́ọ̀kù, títí a fi yà sí àdúgbò wa. Ìyàwó mi ti dúró sórí ìloro tó ń retí wa, mo sì rí ìloro náà bíi pé n kò rí i rí. Onílé wa ló gbé e ga bẹ́ẹ̀ nítorí omi tó máa ń wọlé, mo sì ti ń kùn sí i láti ọdún tí mo ti kó débẹ̀, pé ó ń jẹ́ kí ọ̀dà wúwo lọ́wọ́ mi.  Mo yí jíìpù padà, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ìloro. Ìyàwó mi wo ilẹ̀kùn, ó wo ẹsẹ̀ ìyá mi, ó lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. “Mummy, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀, ẹ kàn máa bọ̀.”

Ní ọjọ́ kejì mo gba Owódé Onírin lọ. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mẹkáníìkì mi, ó fi ọwọ́ elépo gbá iwájú orí. “Ọ̀gá, a ro ti òkúta, a ro ti omi.” Mo ní, “A ò ro ti orúnkún.” Ó pe wẹ́dà, wọ́n sì ṣe ìtẹ̀sẹ̀ irin kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìpele méjì, tó fẹ̀ bí ọlọ, tó ṣeé ká sókè nígbà tí a bá ń lọ sóko, tó ṣeé tẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àgbà bá ń sọ̀. Wọ́n jó ìdìmú mọ́ ara òpó ilẹ̀kùn. Orí ìtẹ̀sẹ̀ náà ni ìyá mi gbà sọ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé.

Ọjọ́ tí dókítà ṣí aṣọ tó fi di ojú wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo jókòó níwájú wọn, n kò sọ̀rọ̀, bí mo ti ṣe lábúlé. Wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, “O ti hewú.” Mo rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi ló sunkún. Nígbà tá a jáde dé ibi tá a gbé ọkọ̀ sí, wọ́n dá ọ̀pá dúró, wọ́n wo jíìpù láti òkè délẹ̀.

“Ohun tó gbé mi wá nìyí?”

“Òun ni, mà.”

“Ìwọ tó ń ta ọ̀dà.”

Mo kùn ún kí n tó gbé wọn padà sílé. Ìyá mi ló yan àwọ̀, àwọ̀ ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kì í ṣe àwọ̀ tí èmi máa yàn láyé mi. Nígbà tá a dé abúlé, mo tún fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá pẹpẹlẹ, wọ́n bọ́ sí orí rẹ̀, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi bu omi tútù wá, wọ́n sì dà á sí ẹsẹ̀ ara wọn kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní ọ̀nà jìn, eruku pọ̀. 

Jíìpù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi ń kó ọ̀dà, òun ni mo fi ń wọ igbó lọ kí ìyá mi, tí wọ́n ti ń rí mi láti ẹnu ìyànà báyìí, tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lu bí mo ṣe ń wakọ̀ kí n tó dé. Àwọn èèyàn máa ń wá bá mi ní Ketu, wọ́n á rí táyà, wọ́n á rí ìkọ́ irin, wọ́n á ní kí n sọ irú jíìpù tó dáa tí àwọn lè rà, wọ́n á máa bi mí léèrè ẹ́ńjìnnì, ṣọ́ọ̀kì, gíga. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ tán. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá mi ti lọ, ó sì ti pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń dúró kí ẹnìkan nínú wa sọ. Nítorí náà ìwọ tó jókòó tì mí tó ò ń gbọ́, tó o ti rí ẹṣin tó wù ọ́, tí eyín rẹ̀ pé, tí pátákò rẹ̀ le: ta lo fẹ́ gbé sórí rẹ̀, ṣé o sì ti wo ẹsẹ̀ wọn?